FÍFI ẸSẸ̀ RIN ÀÁRÍN ÌLÚ LỌ́ŃDỌ̀NÙ ÀTIJỌ́ (Aròkọ Aṣàlàyé)

Ẹni tí ó bá wà nínú ọkọ̀ kì í rí ìlú dáadáa. Kí ó tó wo ọ̀tún tán, òsì ti kọjá lọ. Bí a bá fẹ́ mọ ìlú àtijọ́ dénú, ẹsẹ̀ ni kí a fi rìn ín. Ẹ jẹ́ kí a fi àárín ìlú Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí ìlú náà ti ṣẹ̀, ṣe àpẹẹrẹ.

Kí arìnrìn-àjò tó gbéra, kí ó wọ bàtà tí kò fún un lẹ́sẹ̀, kí ó sì mú agbòòrùn dání nítorí òjò. Ọwọ́ òsì ni ọkọ̀ ń gbà níbẹ̀, kò dà bíi ti Nàìjíríà tí a ti ń gba ọwọ́ ọ̀tún láti ọdún 1972. Nítorí náà, ọ̀tún ni kí ó kọ́kọ́ wò kí ó tó sọdá títì. Ẹni tí ó bá gbàgbé èyí lè fi ẹ̀mí ara rẹ̀ ṣòfò.

Ó dára kí a bẹ̀rẹ̀ ní Tower Hill. Apá kan odi tí àwọn ará Róòmù mọ yí ìlú náà ká ní nǹkan bí 1,800 ọdún sẹ́yìn ṣì wà níbẹ̀.

Bí a bá forí lé ìwọ̀-oòrùn, a ó dé ibi òpó òkúta kan tí ó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 202, tí ó sì ní àtẹ̀gùn 311 nínú. Kí ni ìdí tí wọ́n fi gbé e ró? Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹsàn-án ọdún 1666, iná sọ ní ilé aṣebúrẹ́dì kan ní Pudding Lane. Igi ni wọ́n fi kọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé, àwọn ilé fún mọ́ra, ọ̀dá ti mú wọn gbẹ, afẹ́fẹ́ sì ń fẹ́ kíkankíkan. Iná náà jó fún ọjọ́ mẹ́rin, ó sì run nǹkan bí ilé 13,000. Láti ẹsẹ̀ òpó yìí dé ibi tí iná ti bẹ̀rẹ̀, ẹsẹ̀ bàtà 202 náà ni.

Lẹ́yìn èyí, òfin dé pé bíríkì tàbí òkúta ni kí wọ́n máa fi kọ́ ilé. Christopher Wren àti àwọn mìíràn ya àwòrán ìlú tuntun tí títì rẹ̀ gún régé, ṣùgbọ́n àwọn onílẹ̀ fẹ́ kọ́lé padà sí ojú ilẹ̀ wọn. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ọ̀nà ibẹ̀ fi rí kọ́lọkọ̀lọ títí di òní.

Láti ibẹ̀, kí a gba Cheapside. Ọjà ni ìtumọ̀ ‘cheap’ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́. Bread Street àti Milk Street tí ó yà níbẹ̀ ń rántí búrẹ́dì àti wàrà tí wọ́n ń tà níbẹ̀ rí. Òpin ìrìn wa ni Kàtídírà St Paul’s. Wren ni ó ya àwòrán rẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 1675, wọ́n sì parí rẹ̀ ní ọdún 1711.

Ní ìparí, ẹni tí ó bá fi ẹsẹ̀ rin ọ̀nà yìí yóò rí i pé àgbákò lè kọ́ ìlú lọ́gbọ́n. Iná tí ó jó igi ni ó sọ Lọ́ńdọ̀nù di ìlú bíríkì.