Bátìrì ńlá: bí a ṣe lè tọ́jú iná ọ̀sán di alẹ́, àti ohun tó yẹ kí Èkó kọ́kọ́ bójú tó

Ìjẹ̀gún-Ẹ̀gbá ní Amúwó-Ọ̀dọ̀fin wà lára ibi tí wọ́n ń tọ́jú epo sí l'Ékòó. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ agbépo ti ń gba ẹrù, títí kan dísẹ́ẹ̀lì tó ń gbé jẹnẹrétọ̀ ṣiṣẹ́ nígbà tí iná bá lọ. Epo kò ṣòro tọ́jú: bí wọ́n bá ti rọ ọ́ sínú táńkì, ó dúró síbẹ̀ nìyẹn. Iná mànàmáná kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ó ṣe ń jáde ni a gbọ́dọ̀ máa lò ó, àfi tí ohun kan bíi bátìrì bá wà tí yóò gbà á pamọ́.

Kí ni agbára oòrùn fẹ́ fi bátìrì ṣe?

Ọ̀sán gangan ni sólà ń mú iná wá jù. Alẹ́ ni àwọn èèyàn ń dé láti ibi iṣẹ́, tí fáànù àti tẹlifíṣọ̀n ń bẹ̀rẹ̀. Bátìrì ló ń gbé ti ọ̀sán dé alẹ́.

Báwo ni wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n?

Ní Bokhol, lórílẹ̀-èdè Sẹ̀nẹ̀gà, wọ́n so sólà mẹ́gáwáàtì 16 pọ̀ mọ́ bátìrì lọ́dún 2025. Bátìrì náà lè tú mẹ́gáwáàtì 10 jáde lẹ́ẹ̀kan náà, fún wákàtí méjì gbáko. Nítorí náà, ẹ má ṣe béèrè bó ṣe lágbára tó nìkan. Ẹ béèrè bó ṣe máa pẹ́ tó kí ó tó tán.

Bátìrì tún yára. Ti Hornsdale ní Ọsirélíà, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 2017, kì í lo ìṣẹ́jú àáyá kan kí ó tó dá sí i bí ilé iṣẹ́ iná kan bá dákú lójijì. Nàìjíríà, tí gbogbo ìlà iná rẹ̀ dojú dé léraléra lọ́dún 2024, nílò irú ìyára bẹ́ẹ̀.

Ewu rẹ̀ ńkọ́?

Bátìrì lítíọ̀mù tó bá gbóná kọjá àlà lè gbiná, iná náà sì ṣòro pa. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2025, irú iná bẹ́ẹ̀ lé èèyàn tó ju 1,000 lọ kúrò nílé ní Moss Landing, Kalifọ́níà. Ẹni jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Oríṣi bátìrì lítíọ̀mù kan tí wọ́n fi irin àti fọ́síféètì ṣe ń fara da ooru jù. Bí wọ́n bá sì fi àyè sáàárín kọ̀ǹténà tí wọ́n kó bátìrì sí, kan sí ìkejì, iná kò ní tètè ràn.

Amúwó-Ọ̀dọ̀fin mọ ohun tí ìbúgbàmù ń ṣe: wọ́n rí i ní Abúlé-Adó ní ọjọ́ 15, oṣù kẹta, ọdún 2020. Òfin iná mànàmáná ọdún 2023 ti fún ìpínlẹ̀ láṣẹ láti ṣètò iná tirẹ̀. Kí Èkó lo àṣẹ náà láti kọ ọ́ sílẹ̀, kí kọ̀ǹténà àkọ́kọ́ tó dé, bí bátìrì ṣe gbọ́dọ̀ jìnnà sílé tó, irinṣẹ́ tí àwọn panápaná gbọ́dọ̀ ní, àti pé àdúgbò tó bá gbà á gbọ́dọ̀ jẹ nínú iná rẹ̀.