Ìrẹsì Ìdí Ìkòkò

Ẹ̀yin ìyá wa, ní ilẹ̀ Iran, Páṣíà àtijọ́, chelo kabab pọ̀ ní ilé oúnjẹ àwọn mẹ̀kúnnù: ìrẹsì funfun, bọ́tà, tòmátì sísun, àti ẹran àgùntàn lílọ̀ tí a yan lórí èédú. Doogh, wàrà kíkan tí a fi omi àti iyọ̀ pò, ni wọ́n fi ń sìn ín.

Ṣùgbọ́n èyí tí àwọn oníbàárà ń jà sí ni tahdig, ìrẹsì ìdí ìkòkò! Alásè a mọ̀ọ́mọ̀ da òróró sí i, a dẹ iná, kí ó lè pọ́n bí àkàrà, kí ó máa ró lẹ́nu. Kì í ṣe èyí tó dúdú o.

Nígbà tí mo gbọ́ èyí, n kò lè wo ojú ìyàwó mi. Ìrẹsì rẹ̀ gbẹ mọ́ ìdí ìkòkò ní ọjọ́ Jímọ̀ kan. Mo pariwo títí aládùúgbò fi yọjú.