Ọ̀rọ̀ Kékeré Tí A Ń Pè Ní "Out"

Àwọn baba wa a máa wí pé, bí abẹ́rẹ́ ti wù kí ó kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké inú èdè Gẹ̀ẹ́sì rí fún àwa tí a ń kọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ gígùn kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣe wá ní jàǹbá, nítorí a mọ̀ pé a kò mọ̀ ọ́n. A ó ṣí ìwé atúmọ̀ èdè, a ó sì rí ìdí rẹ̀. Ṣùgbọ́n "put", "run", "give" àti "out", a ti rò pé a mọ̀ wọ́n láti kíláàsì àkọ́kọ́. Nígbà tí méjì nínú wọn bá dì mọ́ra tí wọ́n sì di ọ̀rọ̀ mìíràn, a kì í fura. "Out" yìí ni a fẹ́ sọ díẹ̀ nípa rẹ̀ fún ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa. Bí ó bá kù síbì kan, àwọn olùkọ́ wa yóò bá wa tún un ṣe.

Kì í ṣe àwa Yorùbá nìkan ni ó ń ṣòro fún. Ní ọdún 1755 ni Samuel Johnson ti ìlú Lọ́ńdọ̀nù tẹ ìwé atúmọ̀ èdè ńlá rẹ̀ jáde. Kí a má ṣe ṣì í mú fún Àlùfáà Samuel Johnson tiwa, ẹni tí ó kọ ìtàn àwọn Yorùbá. Nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú ìwé náà, ó jẹ́wọ́ pé irú ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó ní ọ̀rọ̀ kékeré lẹ́yìn báyìí ni ó nira jù lọ fún àjèjì. "Set out" àti "bear out" sì wà lára àwọn àpẹẹrẹ tí ó kà sílẹ̀. Ní ọdún 1925, Logan Pearsall Smith pè wọ́n ní "phrasal verbs" nínú ìwé rẹ̀ Words and Idioms, ó sì sọ pé ọ̀dọ̀ Henry Bradley, ọ̀kan nínú àwọn olóòtú ìwé atúmọ̀ èdè Oxford, ni òun ti gba orúkọ náà.

Ẹ jẹ́ kí a wo ibi tí ewu rẹ̀ wà. Ní ilé-ẹ̀kọ́ kan tí a mọ̀, olùkọ́ sọ fún ọmọdékùnrin kan ní ìrọ̀lẹ́ pé, "Put out the lamp." Ọmọ náà dìde kíá, ó gbé àtùpà jáde, ó sì gbé e kalẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú iná lórí rẹ̀. Àwọn ìyókù bú sẹ́rìn-ín, olùkọ́ sì nà án gẹ́gẹ́ bí ọmọ tí ó fẹ́ fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n kí ni ọmọ náà ṣe? Wọ́n ní "put", ó gbé e kalẹ̀. Wọ́n ní "out", ó gbé e síta. Ó gbọ́ràn dé ibi tí ìmọ̀ rẹ̀ mọ. Ẹni tí a kò kọ́ ni a nà.

Kí ó lè yé wa, a lè pín iṣẹ́ "out" sí ọ̀nà mẹ́rin.

Èkínní ni ìjáde gan-an: "go out", "come out", "take out", àti "cast out" tí àwọn tí ń ka Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì mọ̀ dáradára. Èyí kò ṣòro.

Èkejì ni kí ohun tí ó fara sin di mímọ̀. "Find out" ni kí a wádìí ohun kan títí a ó fi mọ̀ ọ́n. "Point out" ni kí a tọ́ka sí i kí ẹlòmíràn lè rí i. "Read out" ni kí a kà á sókè kí gbogbo ènìyàn gbọ́. Àwa náà a máa wí pé àṣírí tú síta, tàbí pé èsì ìdánwò ti jáde, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí ó pàdé àṣírí lójú ọ̀nà rí.

Ẹ̀kẹta ni pínpín láti ọwọ́ ẹnì kan sí ọwọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀: "give out", "hand out", "share out". "Give out the books" kò ní kí a kó ìwé lọ sí àgbàlá. Ó ní kí a pín in.

Ẹ̀kẹrin ni òpin, ibẹ̀ ni ó sì jinlẹ̀ jù. "Put out" ni kí a pa iná. "Rub out" ni kí a pa ohun tí a kọ rẹ́. "Wear out" ni kí nǹkan gbó. "Run out" ni kí ó tán. "Die out" ni kí ó run pátápátá. Báwo ni ìjáde ṣe wá di òpin? Ohun tí ó bá jáde kúrò níbì kan kò sí níbẹ̀ mọ́. Àwa náà kò ha ń wí pé ẹnì kan jáde láyé? Ọ̀nà yìí ni a fi lè mọ ìdí "work out" àti "carry out" pẹ̀lú. "Work out" ni kí a ṣe ìṣirò títí ìdáhùn rẹ̀ yóò fi jáde. "Carry out" ni kí a mú àṣẹ ṣẹ dé òpin, kì í ṣe kí a rù ú síta.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan náà lè tọ ọ̀nà méjì. Bí a bá wí pé, "The teacher gave out the books," olùkọ́ pín ìwé ni. Bí a bá wí pé, "The oil gave out," epo tán ni. Nítorí náà odindi gbólóhùn ni kí a máa wò.

Ó ku bí a ti í tò ó. A lè wí pé, "Rub out the sum," tàbí "Rub the sum out." Ṣùgbọ́n bí a bá fi "it" rọ́pò orúkọ, àárín ni ó gbọ́dọ̀ bọ́ sí: "Rub it out." A kò gbọdọ̀ wí pé "Rub out it." Àwọn ọmọ a máa rò pé òfin àjèjì ni èyí, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti ń pa á mọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n sọ. Ta ni nínú wọn tí í wí pé "parẹ́ ẹ́"? "Pa á rẹ́" ni gbogbo wọn ń wí. Bẹ́ẹ̀ náà ni "bà á jẹ́" àti "tàn án jẹ". Ìyàtọ̀ kan ni pé ní èdè tiwa, orúkọ pẹ̀lú kì í kúrò láàárín: "pa ìṣirò náà rẹ́", "ba ìwé jẹ́", "tan Òjó jẹ". Bí a bá sì bi ọmọ kan léèrè pé, nígbà tí wọ́n tan Òjó jẹ, kí ni wọ́n jẹ, yóò fi wá rẹ́rìn-ín. Ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ méjèèjì ti di ọ̀kan. Ohun kan náà ni a fẹ́ kí ó mọ̀ nípa "put out".

Kì í ṣe gbogbo wọn ni ó ń gba nǹkan sí àárín. Púpọ̀ nínú wa a máa wí pé, "The chalk has finished," nítorí ọkàn wa wà lórí "ṣọ́ọ̀kì ti tán". Gẹ̀ẹ́sì a wí pé, "The chalk has run out." Bí ó bá sì jẹ́ pé ṣọ́ọ̀kì tán lọ́wọ́ wa, "We have run out of chalk." Bí a bá fi "of" sílẹ̀, gbólóhùn náà bàjẹ́.

Ẹlòmíràn lè wí pé, kí ni ṣe tí a kò fi "extinguish" àti "distribute" kọ́ wọn, kí a sì bọ́ lọ́wọ́ ìdààmú? Àwọn ọ̀rọ̀ náà dára nínú ìwé. Ṣùgbọ́n bí iná bá sọ ní ilé-ẹ̀kọ́ tàbí ní ilé ìwòsàn, "put out" ni a ó gbọ́ lẹ́nu ẹni tí ń kígbe. Ẹni tí kò bá gbọ́ ọ lákòókò yẹn lè fi ara sun ún.

Ní tiwa, ìmọ̀ràn tí a rò pé ó yẹ kò pọ̀. Kí a má ṣe kọ ogún irú ọ̀rọ̀ wọ̀nyí sórí pátákó lẹ́ẹ̀kan kí a ní kí ọmọ kọ́ wọn sórí. Kí a mú èyí tí a ń lò lójoojúmọ́ nínú kíláàsì, kí a máa ṣe é bí a ti ń wí i: kí a pa àtùpà, kí a pín ìwé, kí a pa iṣẹ́ àná rẹ́ lórí pátákó. Kí ọmọ wí i lọ́nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, pẹ̀lú orúkọ lẹ́yìn, pẹ̀lú orúkọ láàárín, àti pẹ̀lú "it". Bí ó bá sì ṣe òdì ohun tí a wí, kí a kọ́kọ́ bi í ní ohun tí ó gbọ́, kí a tó na ọwọ́ sí pàṣán. A ti kọ́ wa pé láti inú ohun tí ọmọ mọ̀ ni kí a ti mú un lọ sí ohun tí kò mọ̀. Ọmọ tí ó lè wí pé "pa á rẹ́" ti rin ìdajì ọ̀nà náà kí a tó bá a.