Láptọ́ọ̀pù kékeré, owó pọ́ọ́kú: Kí ni nọ́ńbà tó tẹ̀lé “i5” ń sọ?

Láti ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025 tí Microsoft ti jáwọ́ nínú Windows 10, ìbéèrè kan ló gba ẹnu àwọn tó fẹ́ ra láptọ́ọ̀pù àlòkù: èwo ló ṣì máa bá wa kalẹ́ nínú wọn? Ẹ̀rọ tó ń lo Windows 10 kò kú lọ́jọ́ náà. Ó ṣì ń tàn, ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Àtúnṣe ààbò oṣooṣù, tó máa ń dí ihò tí àwọn ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì lè gbà wọlé, ló dáwọ́ dúró, àfi fún ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ fún àfikún ọdún kan tí yóò parí ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹwàá ọdún 2026.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ẹni tó ń ná ọjà ní Computer Village, n'Ìkẹjà, gbọ̀ngbọ̀n. Púpọ̀ nínú láptọ́ọ̀pù kékeré tó dáa níbẹ̀, ọ́fíìsì ìlú òyìnbó ló ti wá: ThinkPad, EliteBook, Latitude, tí ilé iṣẹ́ kan ti lò fún ọdún mélòó kan kó tó pààrọ̀ wọn. “UK used” ni àwọn ọlọ́jà ń pè wọ́n. Wọ́n fúyẹ́ nínú báàgì, wọ́n sì lágbára ju ọ̀pọ̀ tuntun tí owó wọn jọ ń lọ. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ìpolówó ọlọ́jà kì í sọ ohun tó yẹ ká mọ̀. “Ẹ̀gbọ́n, Core i7 rèé o! 8 gig RAM, 256 SSD. Ẹ mú owó wá.” Ẹni tó bá gbọ́ i7 á ti gbà pé ó ju i5 lọ. Ó lè má rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Ẹ jẹ́ ká wo ẹ̀rọ méjì tó jókòó ti ara wọn lórí tábìlì. Tẹ́ ẹ bá ṣí Settings, tẹ́ ẹ tẹ System, tẹ́ ẹ sì wá tẹ About, ẹ ó rí ìlà kan tí wọ́n pè ní Processor. Ti ẹ̀rọ àkọ́kọ́ kà báyìí: i5-7200U, 2.50GHz. Ti èkejì: i5-8250U, 1.60GHz. Ọ̀pọ̀ á nawọ́ sí èyí àkọ́kọ́, torí pé 2.50 ju 1.60 lọ. Ẹ̀rọ kejì ló lágbára jù, ó sì fi ibi gbọọrọ jù ú.

Kí ló fà á? Prosẹ́sọ̀ ni ẹ̀yà tó ń ṣe ìṣirò inú kọ̀ǹpútà, core sì ni ọwọ́ tó fi ń ṣiṣẹ́. Core méjì ló wà nínú i5-7200U, mẹ́rin ló wà nínú i5-8250U. Ṣùgbọ́n wáàtì 15 náà ni Intel là sílẹ̀ fún àwọn méjèèjì, orí wáàtì yìí sì ni gbogbo ọ̀rọ̀ láptọ́ọ̀pù tó fúyẹ́ dúró lé. Iná tí prosẹ́sọ̀ bá jẹ, ooru ló ń dà. Bí ẹ̀rọ bá ṣe tín-ín-rín tó, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀nà tí ooru máa gbà jáde ṣe kéré tó: fáànù kékeré kan, ọ̀pá bàbà pẹlẹbẹ kan, àti ihò tóóró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ. Tí iṣẹ́ bá pọ̀, tí ooru sì fẹ́ kọjá àlà, prosẹ́sọ̀ fúnra rẹ̀ ló máa dẹ eré kó má baà jó.

GHz tí wọ́n kọ sínú ìlà yẹn jẹ́ ìwọ̀n eré tí Intel fọwọ́ sọ̀yà pé gbogbo core lè jọ máa sá láìkọjá wáàtì 15. Tó bá jẹ́ core méjì ló ń pín iná náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan lè sá 2.50. Tó bá jẹ́ mẹ́rin, ọ̀kọ̀ọ̀kan á fi tiẹ̀ mọ sí 1.60. Ẹ fi wé iyán tí ẹni méjì ń gún kíákíá, àti èyí tí ẹni mẹ́rin ń gún wọ́ọ́rọ́wọ́: ọmọ orí odó mẹ́rin ló máa kọ́kọ́ parí iṣẹ́. Bó bá sì di iṣẹ́ tí core kan ṣoṣo lè dá ṣe, bíi kéèyàn ṣí fáìlì kan, i5-8250U lè ki eré mọ́lẹ̀ dé 3.4GHz, nígbà tí i5-7200U kò kọjá 3.1. Níbi ká pawọ́ pọ̀ àti níbi ká dá a ṣe, èyí tí nọ́ńbà ìta rẹ̀ kéré ló gbégbá orókè.

Oṣù Kẹjọ ọdún 2017 ni Intel kéde ìyípadà yìí. Ṣáájú ìgbà náà, core méjì náà ni i5 àti i7 inú láptọ́ọ̀pù fẹ́ẹ́rẹ́ ń ní. Ìdí nìyí tí i7-7500U, tí ọlọ́jà ń fi ohùn òkè polówó, kò fi lè bá i5-8250U dọ́gba níbi iṣẹ́ tó wúwo. Nọ́ńbà tó tẹ̀lé àmì dáàṣì ló ń sọ ìran ẹ̀rọ: 7 ni ìran keje, 8 ni ìran kẹjọ, èyí tí wọ́n ń pè ní 8th gen lọ́jà. Láti ìran kẹwàá lọ, nọ́ńbà méjì ló ń dúró fún un, nítorí náà ìran kọkànlá ni i5-1135G7. Ẹ tún wo lẹ́tà ẹ̀yìn. U wà fún ẹ̀rọ fẹ́ẹ́rẹ́. Tẹ́ ẹ bá rí Y láàárín nọ́ńbà, bíi i5-7Y54, iná tó ń jẹ kéré gan-an, agbára rẹ̀ náà sì kéré, bó tilẹ̀ ń jẹ́ i5.

Àárín ìran keje àti ìkẹjọ yìí gan-an ni Microsoft fa ìlà Windows 11 sí. Yàtọ̀ sí ìwọ̀nba díẹ̀, prosẹ́sọ̀ Intel tí kò bá tó ìran kẹjọ kò sí nínú àwọn tí wọ́n fọwọ́ sí. Ìdí tí wọ́n sọ ni ààbò: ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ ní TPM 2.0, ẹ̀yà tó ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ ìdánimọ̀ ẹ̀rọ. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2021, wọ́n tún sọ pé nínú àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n fi dán Windows 11 wò, àwọn tí kò dójú ìwọ̀n dákú lójijì ní ìdá 52 nínú ọgọ́rùn-ún ju àwọn tó dójú ìwọ̀n lọ. Mo gbà. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ìran keje ló ní TPM 2.0, iye yẹn kò sì ya ìran keje sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn àgbàlagbà tó ṣáájú rẹ̀. Lójú tèmi, ó ṣeé ṣe kí ọ̀rọ̀ ajé wà lẹ́yìn ibi tí wọ́n fa ìlà náà sí, torí ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ kò bá yege, tuntun ló máa rà. Èrò tèmi nìyẹn, mi ò ní fi búra.

Ìwákiri láptọ́ọ̀pù kékeré olówó pọ́ọ́kú kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 2007, Asus gbé Eee PC jáde: ojú rẹ̀ jẹ́ ínǹsì méje, kò tó kílò kan, àyè ìpamọ́ rẹ̀ sì jẹ́ 4GB. Ọdún yẹn náà ni wọ́n ń dán XO wò nílé ẹ̀kọ́ kan ní Galadima, l'Ábújá. Láptọ́ọ̀pù ètò One Laptop per Child ti Nicholas Negroponte ni, èyí tí wọ́n ní kò ní ju ọgọ́rùn-ún dọ́là lọ, àmọ́ tí kò padà rí bẹ́ẹ̀. Ní ti àwọn kékeré bíi Eee PC, prosẹ́sọ̀ wọn kò lágbára tó, ọjà wọn sì dákẹ́ lẹ́yìn tí iPad dé lọ́dún 2010.

Irú wọn ti tún padà dé nínú páálí tuntun: Celeron N4020, core méjì, wáàtì 6, RAM 4GB àti ìpamọ́ eMMC 64GB. Ó tuntun lóòótọ́, ó fúyẹ́, Windows 11 sì gbà á. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá ṣí ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì mẹ́wàá pọ̀, ẹ ó máa wojú ara yín. Chromebook àlòkù náà ní tiẹ̀: Google máa ń dá ọjọ́ tí àtúnṣe rẹ̀ yóò parí. Ẹ wá ọjọ́ yẹn ní ìdí Settings kẹ́ ẹ tó sanwó, torí òmíràn ti kọjá tiẹ̀ kó tó wọ ọkọ̀ ojú omi.

Ìfúyẹ́ náà ní owó tirẹ̀. ThinkPad X270 àti X280 jọ ní ojú ínǹsì 12.5. X280 fúyẹ́ jù, díẹ̀ ló fi lé ní kílò kan, ṣùgbọ́n wọ́n ti jó RAM rẹ̀ mọ́ pátákó inú. Tẹ́ ẹ bá ra 4GB, 4GB lẹ ó máa bá lọ. RAM X270 ṣeé yọ, àmọ́ ìran kẹfà tàbí ìkeje ló wà nínú rẹ̀. Kẹ́ ẹ sì má gbọ́kàn lé e pé ẹ ó fi kún RAM tó bá yá: owó rẹ̀ gbẹ́nu sókè lágbàáyé nípari ọdún 2025, torí àwọn ilé iṣẹ́ ọgbọ́n àtọwọ́dá ń rà á bí ẹní máa kú lọ́la. Micron tiẹ̀ kéde ní oṣù Kejìlá pé àwọn ń kógbá Crucial, èyí tí wọ́n ń tà fún aráàlú, wọlé.

Bátìrì ló kù. Ẹ ṣí Command Prompt, ẹ kọ powercfg /batteryreport, kẹ́ ẹ sì ṣí fáìlì tó bá gbé jáde. Ẹ fi DESIGN CAPACITY wé FULL CHARGE CAPACITY. Tí àkọ́kọ́ bá jẹ́ 48,000 tí ìkejì sì jẹ́ 24,000, ìdajì bátìrì ti lọ. Ẹ tún pa ẹ̀rọ náà, kẹ́ ẹ tàn án wọ BIOS, ìyẹn ètò tó ń ṣiṣẹ́ kí Windows tó wọlé. Tó bá ń béèrè ọ̀rọ̀ ìdánimọ̀ tí ọlọ́jà kò mọ̀, ẹ gbé e sílẹ̀.

Ní ṣókí: ìran kẹjọ sókè, lẹ́tà U, RAM 8GB, SSD 256GB, àti bátìrì tó ṣì ní ìdá ọgọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún agbára rẹ̀. Ẹni tí owó rẹ̀ kò bá ju ti ìran keje lọ ṣì lè rà á, tó bá ṣe tán láti fi Linux Mint rọ́pò Windows inú rẹ̀, kó sì jẹ́ kí ìyẹn hàn nínú owó tó máa san. Ẹ má fi i7 ẹnu ọlọ́jà ra ẹ̀rọ. Ẹ ní kó ṣí About, kẹ́ ẹ ka nọ́ńbà náà fúnra yín, kẹ́ ẹ tó dá iye tẹ́ ẹ máa san.