Igbó Irúnmọlẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ tó dé ọ̀dọ̀ Cthulhu

Béèyàn bá jáde ní ìlú Oǹdó, tó dorí kọ ọ̀nà Ilé-Ifẹ̀, yóò kan Òkè-Igbó. Ibẹ̀ ni wọ́n ti bí Daniel Ọlọ́runfẹ́mi Fágúnwà lọ́dún 1903. Ọ̀pọ̀ arìnrìn-àjò tó ń bá mọ́tò kọjá níbẹ̀ ni kì í bojú wẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n bẹ́ ẹ bá bi mí pé níbo ni kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ máa ka ìtàn ẹ̀rù ti bẹ̀rẹ̀, Òkè-Igbó ni màá nàka sí. Amẹ́ríkà á dúró ná.

Ìdí tí mo fi ń sọ èyí ni pé àwọn ọ̀dọ́ wa ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó ti ń mọ orúkọ Cthulhu báyìí. Inú géèmù làwọn kan ti pàdé rẹ̀, inú fíìmù làwọn mìíràn ti gbúròó rẹ̀. Àgùnbánirọ̀ kan tó ń sìnlú ní Àkúrẹ́ ló ní kí n to ìwé márùn-ún fún òun, pé òun fẹ́ mọ orísun irú ìtàn bẹ́ẹ̀. Mo to márùn-ún fún un. Nígbà tó rí i pé Fágúnwà ni mo fi ṣáájú, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ìwé ilé ẹ̀kọ́ nìyẹn o. Ìtàn ẹ̀rù gidi ni mò ń bi yín."

Mo rò pé òun nìkan kọ́ ló ń rò bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ ká jọ yẹ ọ̀rọ̀ náà wò.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tá à ń sọ. Oríṣi ìtàn kan wà táwọn òyìnbó ń pè ní cosmic horror. Kì í ṣe ìtàn òkú tó jí dìde, kì í sì í ṣe ti apànìyàn tó sá pamọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ohun tó ń dẹ́rù bani nínú rẹ̀ ni pé ayé tóbi ju òye wa lọ. Àwọn nǹkan kan ti wà kí ọmọ aráyé tó dé, wọ́n á ṣì wà lẹ́yìn tá a bá lọ tán, a ò sì já mọ́ nǹkan kan lójú wọn. H. P. Lovecraft, ará Providence ní Amẹ́ríkà, ni gbogbo èèyàn mọ̀ mọ́ irú ìtàn yìí. Ọdún 1890 ni wọ́n bí i, ó kú lọ́dún 1937. Ọdún tó tẹ̀ lé e, 1938, ni ilé ìtẹ̀wé CMS gbé Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmọlẹ̀ jáde. Fágúnwà àti Lovecraft ò mọra wọn rí, àmọ́ ìbéèrè kan náà ló ń jẹ àwọn méjèèjì lọ́kàn: kí ló wà lẹ́yìn ibi tí ojú wa mọ?

Ó dáa, ìwé márùn-ún náà rèé, bí mo ṣe tò wọ́n.

Èkíní ni Ògbójú Ọdẹ fúnra rẹ̀. Àkàrà-oògùn wọ igbó, ó sì bá Àgbákò pàdé, iwin olójú mẹ́rìndínlógún. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ohun tẹ́ ẹ gbọ́ nílé ẹ̀kọ́ bà á jẹ́ fún yín. Ẹ fi ìbéèrè ìdánwò sílẹ̀, kẹ́ ẹ kà á bí ẹni pé ẹ̀yin lẹ wà nínú òkùnkùn yẹn. Kẹ́ ẹ sì kà á síta, torí etí ni Fágúnwà kọ ọ́ fún. Gbólóhùn tó gùn tó sì dà bíi pé ó lọ́jú pọ̀ lójú ìwé máa ń tú fúnra rẹ̀ lẹ́nu. Ẹni tí kò bá lè ka Yorùbá rárá lè fi ìtumọ̀ tí Wọlé Ṣóyínká ṣe lọ́dún 1968, The Forest of a Thousand Daemons, bẹ̀rẹ̀. Ìyẹn náà dáa, àmọ́ ẹni tó jẹun ló mọ bí ọbẹ̀ ṣe rí, kì í ṣe ẹni tí wọ́n ròyìn rẹ̀ fún.

Èkejì ni Igbó Olódùmarè, tó jáde lọ́dún 1949. Bàbá Àkàrà-oògùn, ìyẹn Olówó-ayé, ló ni ìrìn àjò tibẹ̀. Èṣù-kékeré-òde dá a lọ́nà, àwọn méjèèjì sì fi ẹnu jà kí wọ́n tó fọwọ́ jà. Ẹ fi ibẹ̀ sọ́kàn o, màá padà sí i.

Ẹ̀kẹta ni The Palm-Wine Drinkard ti Amos Tutùọlá, ọmọ Abẹ́òkúta, tí Faber and Faber tẹ̀ jáde ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1952. Ẹ wá apá ibi tí ọmọge kan ti tẹ̀ lé arẹwà ọkùnrin kúrò lọ́jà. Bí wọ́n ṣe ń rìn lọ ni ọkùnrin náà ń dá ẹ̀yà ara padà fún àwọn tó yá a lọ́wọ́ wọn. Ó dá ẹsẹ̀ padà, ó dá apá padà, títí tó fi ku agbárí lásán. Àwa tá a gbọ́ àlọ́ nílé mọ ìtàn yẹn tẹ́lẹ̀, síbẹ̀ bí Tutùọlá ṣe sọ ọ́ wẹ́rẹ́ bí ẹni ń sọ ọ̀rọ̀ owó ọjà ló mú kó tutù wọni lára.

Ẹ̀kẹrin ni The Willows tí Algernon Blackwood, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ lọ́dún 1907. Ọkùnrin méjì wa ọkọ̀ ojú omi lọ lórí odò Danube ní Yúróòpù, omi kún, wọ́n sì sùn ní erékùṣù kékeré kan táwọn igi bò. Wọ́n fura pé àwọn ti ṣèèṣì dé ẹnu ààlà ayé mìíràn. Ọ̀kan nínú wọn wá sọ fún èkejì pé kí wọ́n má dárúkọ àwọn nǹkan náà, kí wọ́n má tiẹ̀ rò wọ́n lọ́kàn, kí wọ́n má bàa fi èrò ọkàn wọn rí wọn.

Ẹ̀karùn-ún ni The Colour Out of Space ti Lovecraft, ọdún 1927. Òkúta kan já láti ojú ọ̀run sínú oko Nahum Gardner. Èso oko náà tóbi, ó ń dán, àmọ́ kò ṣeé fẹnu kàn. Ẹran ọ̀sìn bẹ̀rẹ̀ sí í kú, àwọn ará ilé ń bàjẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọ̀ kan tí kò sẹ́ni tó lè dárúkọ rẹ̀ sì ń tàn lóru. Nínú gbogbo ìtàn Lovecraft, òun ló bà mí lẹ́rù jù, bóyá torí pé ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ àti ilẹ̀ rẹ̀ ni. Ẹni tí bàbá rẹ̀ ní oko kòkó máa yé e kíákíá. Lẹ́yìn èyí, ẹ lè wá ka The Call of Cthulhu, tó jáde lọ́dún 1928.

Wàyí o, kí ló dé tí mo fi ní kí Fágúnwà ṣáájú? Mo kàwé nípa òfin, bóyá ìyẹn ló jẹ́ kí n máa rí ìyàtọ̀ náà bí ọ̀rọ̀ kọ́ọ̀tù. Àwọn àgbà wa ní agbọ́ ẹjọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà ni. Abala kẹrìndínlógójì nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 náà dáàbò bo ẹ̀tọ́ ènìyàn láti sọ tẹnu rẹ̀. Nínú igbó Fágúnwà, iwin tó burú jù pàápàá ń pa òfin yẹn mọ́. Ó máa bi ọ́ pé ta ni ọ́, kí lo wá ṣe nínú igbó òun. Ìwọ náà á dáhùn, wàá pe orúkọ ara rẹ, wàá fọ́nnu, wàá pọfọ̀. O lè kú o, àmọ́ wọn ò ní í pa ọ́ bí ẹni pé o ò sí níbẹ̀. Nínú oko Nahum Gardner, kò sẹ́ni tó bi onílé ní nǹkan kan. Ìdájọ́ dé, ẹjọ́ ò wáyé. Ní erékùṣù Blackwood, ẹni tó bá sọ̀rọ̀ ló wà nínú ewu jù.

Àwọn kan máa ní Fágúnwà ń wàásù jù, pé olùkọ́ onígbàgbọ́ ni, Olódùmarè ló sì wà lókè gbogbo nǹkan tó kọ, nítorí náà kì í ṣe cosmic horror. Òótọ́ wà níbẹ̀. Bó bá jẹ́ orúkọ lẹ fẹ́ fi sọ ọ́, ẹ lè má kà á mọ́ ọn. Àmọ́ ẹ̀rù rẹ̀ kì í ṣe eré. Igbó rẹ̀ tóbi ju èèyàn lọ, ó ti wà ṣáájú èèyàn, kò sì sẹ́ni tó mọ òpin rẹ̀. Ohun tó fi kún un ni pé èèyàn ní ẹnu.

Ohun kan tún wà tó yẹ kí ọmọ wa mọ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ Lovecraft. Ọkùnrin yẹn kórìíra aláwọ̀ dúdú, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Nnedi Okorafor, òǹkọ̀wé tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, gba àmì ẹ̀yẹ World Fantasy lọ́dún 2011, orí Lovecraft ni wọ́n sì gbẹ́ sí ère tí wọ́n fún un. Ó kọ ọ̀rọ̀ síta nípa bó ṣe rí lára òun. Lọ́dún 2015, àwọn tó ń ṣètò rẹ̀ kéde pé àwọn ò ní í lo ère náà mọ́. Victor LaValle ní tiẹ̀ mú ọ̀kan nínú ìtàn Lovecraft tó kún fún ìkórìíra náà, ó tún un sọ láti ojú ìwòye ọkùnrin aláwọ̀ dúdú nínú The Ballad of Black Tom, ọdún 2016. Ẹ kà á tẹ̀ lé Cthulhu.

Bẹ́ ẹ bá ní ìwé lásán nìyí, ẹ wo ilẹ̀ wa. Ní ìpínlẹ̀ Oǹdó lónìí, bí wọ́n bá dárúkọ igbó, ajínigbé ló ń sọ sí ọ̀pọ̀ wa lọ́kàn, kì í ṣe iwin. Lóṣù Kìíní ọdún 2021, gómìnà ìgbà náà, Rotimi Akeredolu, fún àwọn darandaran ní ọjọ́ méje láti kúrò nínú igbó ọba. Títí di òní, ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ló ń lọ sóko pẹ̀lú ìbẹ̀rùbojo. Ẹ̀rù yìí jọ ti Lovecraft ju ti Fágúnwà lọ. Ajínigbé kì í bi ọ́ pé ta ni ọ́. Iye tí ẹbí rẹ lè san ló ń bi.

Nítorí náà mi ò ní í sọ pé irọ́ ni Lovecraft ń pa. Ayé máa ń dákẹ́ síni nígbà mìíràn, ó sì yẹ kéèyàn ka ìwé tó sọ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ọmọ tó bá kọ́kọ́ pàdé ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn, ó lè rò pé òun nìkan ló wà láyé. Ẹ̀yin òbí, ẹ wá ẹ̀dà Ògbójú Ọdẹ kan, ẹ fi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kà á síta lálẹ́, kí tẹbí-tará máa gbọ́. Bẹ́ ẹ bá dé ibi tí iwin ti ń béèrè ọ̀rọ̀, ẹ dúró díẹ̀. Ẹ bi ọmọ yín pé tó bá jẹ́ òun ni, kí lòun ì bá fi dá a lóhùn.