Ṣé O Mọ̀? Ẹni Tó Há, Ẹni Tí Páńpẹ́ Gbé, àti Ìlú Kùmásí

Ṣé o mọ̀ pé orúkọ kan náà ni wọ́n fi ń pe pàkúté àti ẹ̀rọ ní Kùmásí, nílẹ̀ Gánà? Afidie ni, lédè Twi. Ní Suame Magazine, níbi tí àwọn mẹkáníìkì ti ń tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, afidie ni ẹ̀rọ tí wọ́n ń tún ṣe. Afidie náà ni ọdẹ ń dẹ de eku lóko. Wo pàkúté dáadáa, kí o wo irin tó tẹ̀ àti ìdẹ tí yóò tú u sílẹ̀, wàá rí i pé ẹ̀rọ ni lóòótọ́.

Ṣé o mọ̀ pé bí pàkúté ṣe ń mú ẹran ni Yorùbá fi ń sọ ọ́ lórúkọ? Ẹbìtì a máa wó lu eku. Ọ̀fìn, ṣe lẹran ń jìn sínú rẹ̀. Àtẹ a máa lẹ̀ mọ́ ẹyẹ lẹ́sẹ̀. Páńpẹ́ a máa di ẹsẹ̀ mú pinpin, òun ló sì ti oko wọ ìlú: bí ọlọ́pàá bá mú ọ̀daràn, àwọn ìwé ìròyìn wa á ní páńpẹ́ ọba ti gbé e.

Ní Kùmásí, ọba gan-an ni wọ́n fi páńpẹ́ gbé. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kìíní ọdún 1896, àwọn Gẹ̀ẹ́sì mú Prempeh Kìíní, Asantehene, ọba àwọn Àṣáńtì, pẹ̀lú ìyá rẹ̀, Yaa Akyaa, láìjẹ́ pé ìjà kankan wáyé. Wọ́n gbé e lọ sí Elmina, wọ́n gbé e dé Sierra Leone, wọ́n sì gbé e sọdá òkun lọ sí erékùṣù Seychelles lọ́dún 1900. Èyí kọjá àhámọ́, ìgbèkùn ni. Ọdún 1924 ló tó padà délé.

Ṣé o mọ̀ pé ẹni tó wá gbani sílẹ̀ náà lè há? Ní oṣù Kẹta ọdún 1900, Gómìnà àwọn Gẹ̀ẹ́sì, Frederick Hodgson, dé Kùmásí, ó ní kí wọ́n gbé Àga Wúrà, àga mímọ́ àwọn Àṣáńtì, wá kóun jókòó lé e. Àwọn Àṣáńtì, pẹ̀lú Yaa Asantewaa tó ṣíwájú wọn, dìde ogun. Wọ́n sàga ti odi agbára tí Hodgson àti àwọn èèyàn rẹ̀ wà nínú ìlú, wọ́n fi igi gbọọrọ ṣe ọgbà dí àwọn ọ̀nà. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹrin, àwọn ọmọ ogun tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì rán láti Èkó láti gbà wọ́n sílẹ̀ jà títí wọ́n fi wọlé. Àmọ́ wọ́n ò rọ́nà jáde mọ́. Ẹnu tí yóò jẹun ni wọ́n fi kún un. Nígbà tó di ọjọ́ 23 oṣù Kẹfà, Hodgson já ọ̀nà gbà sá lọ, ó fi àwọn díẹ̀ sílẹ̀ nínú odi agbára náà títí ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì mìíràn fi dé ní oṣù Keje. Odi agbára náà ṣì wà. Ó ti di ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé àwọn ológun Gánà.

Fritz Ramseyer, míṣọ́nnárì kan láti Switzerland, wà lára àwọn tó há síbẹ̀. Ìgbà kejì rẹ̀ nìyẹn. Ogun Àṣáńtì ti kọ́kọ́ kó òun àti ìyàwó rẹ̀ lọ́dún 1869, ọdún 1874 ni wọ́n tó tú wọn sílẹ̀ ní Kùmásí.

Láyé ìgbà náà, dommum làwọn Àṣáńtì ń pe ẹni tí ogun bá kó bẹ́ẹ̀. Awowa ni ìwọ̀fà tiwa, ẹni tí gbèsè dè mọ́lẹ̀ tí yóò máa sin olówó títí wọn yóò fi san án. Akyere lèyí tó ń dùn mí jù: ẹni tí wọ́n ti dájọ́ ikú fún, tí wọ́n wá fi pamọ́ dọjọ́ tí wọn yóò fi í rúbọ.

Ṣé o mọ̀ pé owó náà máa ń há? Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò ní ìwé àṣẹ ìgbélùú lọ gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí kó fi Gánà sílẹ̀. Àwọn Yorùbá pọ̀ púpọ̀ nínú àwọn tó kàn. Láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Ìníṣà, Ṣakí àti Ìlọrin ni wọ́n ti lọ ń tajà níbẹ̀, tí wọ́n ń pè wọ́n ní Alata tàbí Anago. Wọ́n ti bí ọmọ tó gbọ́ Twi ju Yorùbá lọ. Kò sí ẹbìtì, kò sẹ́ni tó sàga tì wọ́n, ọ̀nà ṣí sílẹ̀ gbayawu, síbẹ̀ wọ́n há. Ọjà tí wọ́n gbé fún oníbàárà láwìn, owó rẹ̀ há sọ́wọ́ ẹni tó jẹ ẹ́. Ẹni tó rí ẹrù tà, ní owó pọ́ọ́kú ló tà á. Ọkàn ọ̀pọ̀ wọn há sí Gánà títí wọ́n fi kú.

Ní oṣù Kìíní ọdún 1983, Nàìjíríà náà lé àwọn ará Gánà. Ìjọba Gánà sì ti ti ẹnubodè tirẹ̀, ni àwọn tó ń ti Èkó bọ̀ bá há sí orílẹ̀-èdè Benin títí wọ́n fi ṣí i.

Bí ẹnìkan tó bá 1969 dé láti Kùmásí bá ṣì wà nílé yín, lọ jókòó tì í. Ní kó sọ ohun tó fi sílẹ̀ fún ọ, kí o sì kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú orúkọ ọjà àti àdúgbò tó gbé, kó tó di pé kò sẹ́ni tí a ó bi mọ́.