Ṣé o mọ̀ pé fáìlì máa ń gbé àṣẹ rẹ̀ rìn?

Bí o bá gba kóòdù sọ́fítíwìa kan láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, tó jẹ́ pé inú àpò tar ni wọ́n dì í sí, kì í ṣe kóòdù nìkan ló dé. Àṣẹ tí ẹni tó dì í fún fáìlì kọ̀ọ̀kan bá a wá: ta ló lè kà á, ta ló lè yí i padà, ta ló lè mú un ṣiṣẹ́. Nọ́ńbà ni wọ́n fi ń kọ ọ́: kíkà jẹ́ 4, kíkọ 2, mímú ṣiṣẹ́ 1. A máa ń ro wọ́n pọ̀: 7 ni àṣẹ gbogbo, 5 ni kíkà àti mímú ṣiṣẹ́; nọ́ńbà àkọ́kọ́ jẹ́ ti olóhun, èyí tó kù jẹ́ ti àwọn yòókù. Nítorí náà, 755 túmọ̀ sí pé olóhun ní àṣẹ gbogbo, àwọn yòókù sì lè kà á, wọ́n lè mú un ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n wọn ò lè yí i padà.

777 ńkọ́? Ó dà bí ilé oníyàrá púpọ̀ tí kò sí ilẹ̀kùn kan tó ní kọ́kọ́rọ́. Ẹni tó ń kọjá lọ lè wọlé, kó da iyọ̀ sínú ọbẹ̀ rẹ.

Ó ti ṣẹlẹ̀ rí. Ní 2009, wọ́n rí i pé Automake, irinṣẹ́ GNU tí ọ̀pọ̀ fi ń di kóòdù, ń fún àwọn fódà ní 777. Lórí kọ̀ǹpútà tí èèyàn púpọ̀ jọ ń lò, ẹlòmíràn lè tọwọ́ bọ kóòdù rẹ lójú kí o tó lò ó. Ewu náà le jù fún root, ìyẹn aṣàmúlò tó ní àṣẹ gbogbo lórí kọ̀ǹpútà, nítorí tar kì í dín àṣẹ kù fún un.

Kí o tó tú àpò, tẹ tar -tvf àti orúkọ àpò náà. Bí o bá rí drwxrwxrwx, èyí tó jẹ́ 777 fún fódà, w tó gbẹ̀yìn yẹn, ìyẹn àṣẹ tí àwọn ẹlòmíràn ní láti yí i padà, ni kí o wò dáadáa.